Ilé, ọkọ̀ ojú omi àti mọ́tò àtijọ́: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lágbára ju ti òde òní lọ?

OjúLóńWò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn, pé ilé, ọkọ̀ ojú omi àti mọ́tò àtijọ́ le koko, pé ti ìsinsìnyí kò ní láárí. Mo fẹ́ ká tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "wọn ò ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́." Ẹ sọ ohun tó yí padà gan-an: irú èlò wo ni, báwo ni wọ́n ṣe so ó pọ̀, ibo ló ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́, kí ló sì ń fà á.

Kí n bẹ̀rẹ̀. Ilé tó ti pé 150 ọdún tí à ń rí lónìí, òun ló ṣẹ́kù nínú ọ̀pọ̀ tí wọ́n kọ́ nígbà kan náà. Àwọn tí ìpìlẹ̀ wọn kò jinlẹ̀ tàbí tí òrùlé wọn ń jò ti wó tipẹ́. Bí a bá wá mú èyí tó yè, tí a fi wé gbogbo ilé tuntun pátá, a ti rẹ́ ẹni kan jẹ. Mọ́tò náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1960 àti 1970 ni mítà máìlì wọn ní àyè nọ́ńbà márùn-ún péré. Tó bá ti ka 99,999, á padà sí òdo. Àwọn tó ṣe é kò retí pé púpọ̀ nínú wọn á kọjá ibẹ̀.

Síbẹ̀, mo gbà pé àwọn nǹkan kan wà tí ọwọ́ àtijọ́ dára níbẹ̀ ju tiwa lọ. Ẹ jẹ́ ká wá wọn rí.

Bírìkìlà_Àgbà

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ògiri ni màá mú. Kí sìmẹ́ǹtì tó gbòde, láìmù ni wọ́n fi ń mọ bírìkì, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n jó nínú iná tó tó nǹkan bí 900°C, tí wọ́n wá fi omi pa. Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ fún sìmẹ́ǹtì Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1824, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí ó tó gba ipò láìmù.

Ẹrẹ̀ láìmù rọ̀ ju bírìkì lọ, ìyẹn gan-an ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Bí ilé bá jókòó díẹ̀, ojú ìsopọ̀ ni á ti sán tín-ín-rín, bírìkì kò ní fọ́. Omi òjò á yọ́ láìmù díẹ̀, á gbé e wọ ojú ibi tó sán, á tún dì síbẹ̀. Omi tó bá sì wọ inú ògiri á gba ojú ìsopọ̀ náà gbẹ jáde.

Ohun tó ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ lónìí ni àtúnṣe. Wọ́n á gbé sìmẹ́ǹtì líle, ọ̀kan sí yanrìn mẹ́ta, wọ́n á fi dí ojú ìsopọ̀. Omi kò wá rọ́nà gbà mọ́ àfi inú bírìkì fúnra rẹ̀. Iyọ̀ inú omi á gbẹ sábẹ́ ojú bírìkì, á wú, ojú bírìkì á máa ṣí bọ́ sílẹ̀. Níbi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín, kì í pẹ́ rárá. Àtúnṣe tó tọ́ nìyí: ẹ fi ọwọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ àtijọ́ jáde tó mílímítà 25 tàbí ìlọ́po méjì ìbú ojú ìsopọ̀, èyí tó bá jìn jù, ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń fi ìsáré gé nǹkan, torí ó máa ń gé etí bírìkì. Ẹ gbọn eruku, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ ki láìmù ọ̀kan sí yanrìn onírínrin mẹ́ta wọlé kó dì pinpin. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Bí oòrùn bá tètè gbẹ ẹ́, yóò di lẹ́búlẹ́bú.

Kọnkéré28

Ọ̀rọ̀ yín pé, ọ̀gá Bírìkìlà. Ní ti kọnkéré, Róòmù ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Òrùlé rìbìtì Pantheon fẹ̀ tó mítà 43.3, ó sì ti lé ní 1,800 ọdún. Ṣùgbọ́n kò sí irin kankan nínú rẹ̀. Wọ́n yà á ní ìrísí tó jẹ́ pé ẹrù rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra ni, kọnkéré sì lágbára sí ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Wọ́n fi eérú òkè ayọnáyèéfín pò ó. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 tún fi hàn pé àwọn kóró láìmù funfun inú kọnkéré Róòmù, tí wọ́n rò tẹ́lẹ̀ pé àpòpọ̀ tí kò jọ ló fà á, ló máa ń yọ́ tí omi bá wọ ibi tó sán, tí á sì dí i.

A ń fi irin sí tiwa torí pé a fẹ́ òpó tẹ́ẹ́rẹ́ àti dẹ́kìn gbọọrọ. Inú kọnkéré tuntun, ìwọ̀n pH rẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tàbí kò kan tó) wà láàárín 12.5 sí 13.5, irin kì í dógùn-ún níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ láti òde, á máa fa pH yẹn wálẹ̀. Tó bá ti sún mọ́ 9 níbi tí irin wà, ìpáàrà bẹ̀rẹ̀. Ìpáàrà sì ń gba àyè tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà ti irin tó jẹ, òun ló ń ti kọnkéré já bọ́ lábẹ́ dẹ́kìn.

Ẹ wo ìṣirò yìí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n: bó bá gba afẹ́fẹ́ ní 40 ọdún kó tó wọ mílímítà 20, ọdún 10 péré ló máa fi wọ mílímítà 10. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá fi ìdajì kọnkéré bo irin, ìdá mẹ́rin ọdún rẹ̀ ló kù. Bísíkíìtì (kóró kọnkéré kékeré tó ń gbé irin sókè kúrò lára pákó) tí wọn kò fi sábẹ́ irin kí wọ́n tó da dẹ́kìn ló ń pa ọ̀pọ̀ ilé tuntun, wọ́n á sì máa bú sìmẹ́ǹtì. Dẹ́kìn inú ilé, mílímítà 20 sí 25. Òpó, 40. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n dà sórí ilẹ̀ láìsí pákó, 75.

Omi ló tẹ̀ lé e. Àpò sìmẹ́ǹtì kg 50 kan, omi lítà 25 ni, pẹ̀lú omi tó ti wà nínú yanrìn tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di lítà 35 kó lè rọrùn láti tẹ́, èyí tó lé á gbẹ, á fi ihò tín-ín-rín sílẹ̀ káàkiri. Agbára rẹ̀ lè fi ìdá mẹ́ta dín kù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà á sì là fún afẹ́fẹ́ àti iyọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Iṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Kọnkéré28, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá dín omi kù tó bẹ́ẹ̀, ṣé yóò wọ àárín irin tó fún pọ̀? Ṣebí ihò ló máa kù sínú òpó.

Kọnkéré28

Àbúrò, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ohun mẹ́ta ló wà fún un. Kẹ́míkà kan wà tó ń mú kọnkéré yọ̀ láìfi omi kún un. Ìwọ̀n rẹ̀ wà lára ike, ẹ má kọjá a. Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n nínú kọnkéré: ẹ tì í bọ̀ ọ́ lóròó, ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 15, títí afẹ́fẹ́ ò fi ní hó jáde mọ́, kí ẹ rọra fà á yọ, kí ẹ sún síwájú bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ má fi gbá irin. Ẹ̀kẹta, òkúta wẹ́wẹ́ yín gbọ́dọ̀ kéré sí àlàfo àárín irin.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tú pákó, ẹ jẹ́ kó máa tutù fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Awọ òde tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé ni àìbomirin ń kọ́kọ́ sọ di yẹpẹrẹ.

Ayùn_Mímú

Ẹ jẹ́ kí ti igi náà wọlé. Igi inú ilé àtijọ́ wá láti inú igbó tó ti gbó. Abẹ́ òjìji ló ti dàgbà, òrùka ọdún rẹ̀ fún pọ̀, ọkàn igi ló sì pọ̀ jù nínú pákó rẹ̀. Igi oko òde òní ń yára dàgbà. Òrùka rẹ̀ fẹ̀, apá funfun tí ìdíbàjẹ́ àti ikán fẹ́ràn pọ̀, apá tó sún mọ́ àárín rẹ̀ sì máa ń wọ́ tó bá gbẹ. Nítorí náà, fèrèsé páìnì tó ti lo 100 ọdún, ẹ má sáré jù ú nù. Ẹ gé ibi tó jẹrà, ẹ so igi tó gbẹ mọ́ ọn. Ẹ kíyè sí i pé igi ẹlẹ́wẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ òrùka yìí bá mu. Fún ọ́ọ̀kù, òdìkejì ni, èyí tó yára dàgbà ló máa ń wúwo tó sì máa ń le.

Pákó tí Amẹ́ríkà ń pè ní méjì-lórí-mẹ́rin, mílímítà 38 lórí 89 ni lóòótọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti fi òfin ìwọ̀n náà múlẹ̀ ní 1964. Ó ṣì tó fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣírò ọ́ fún.

Ibi tí ilé tuntun ti borí ni ìsopọ̀. Òrùlé àtijọ́, ìṣó méjì mẹ́ta tí wọ́n kàn ní ẹ̀gbẹ́ ló di igi rẹ̀ mọ́ orí ògiri, ìjì sì lè gbé e. Lónìí, páànù irin tó gba orí igi kọjá, tó sì sọ̀kalẹ̀ sára ògiri, ni wọ́n ń lò. Ibi tó ti pàdánù ni iná. Nínú ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ UL ṣe ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ onígi gidi tí kò ní ohun ìbora lábẹ́ wó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 18 ó lé díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi igi àlẹ̀mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe wó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 6. Tí wọ́n bá fi pátákó jípúsọ́ọ̀mù bo abẹ́ rẹ̀, ó máa ń pẹ́ dáadáa. Ẹ má fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Ojú_Fèrèsé

Mo fẹ́ fi kún ti ọ̀gá Ayùn_Mímú. Ògiri àtijọ́ nípọn, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀, tó bá tutù á gbẹ. Ògiri òde òní jẹ́ ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dí pa, kí ooru má bàa jáde. Òjò tó bá gba igun fèrèsé wọlé kò rọ́nà jáde. Èyí ló ṣẹlẹ̀ ní British Columbia ní Kánádà láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n rẹ́ ojú òde wọn lé igi láìsí àlàfo ló jẹrà láti inú wá.

Ẹ fi àlàfo bíi mílímítà 10 sẹ́yìn ojú òde, kí omi lè ṣàn sọ̀kalẹ̀. Nídìí fèrèsé, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lẹ ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, kí ẹ tó ṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi ti òkè parí, kí ti òkè máa gun orí ti ìsàlẹ̀. Ẹ má dí etí ìsàlẹ̀ fèrèsé pa, ibẹ̀ ni omi tó bá wọlé máa gbà jáde.

Ọ̀wọ̀_Iná

Kí a tó yin ilé àtijọ́ jù: ọ̀dà olójé (Amẹ́ríkà fòfin dè é fún ilé gbígbé ní 1978), asbestos (òkúta onífọ́nrán tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) lábẹ́ òrùlé àti lára páìpù, wáyà iná tí kò ní ásì (wáyà tó wọlẹ̀) tí rọ́bà ara rẹ̀ ti gbẹ. Kí ẹ tó yọ́ ọ̀dà tàbí kí ẹ tó gé òrùlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Gbẹ́nàOkun

Ní ti ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ onípákó ní ohun kan tí ọkọ̀ fáíbà (okùn gíláàsì tí wọ́n fi résínì, ohun ìlẹ̀mọ́ tó ń le, lẹ̀ pọ̀) kò ní: gbogbo rẹ̀ ni a lè tú. Pákó kan jẹrà, a yọ ọ́, a gé òmíràn sí i, a ki òwú sí àlàfo rẹ̀, a dí i. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó ń pa á. Omi òkun kì í sábà mú igi jẹrà. Omi òjò tó ń jò gba orí dẹ́ẹ̀kì ló ń ṣe é, torí iyọ̀ kì í jẹ́ kí èbu ìdíbàjẹ́ ráyè. Kòkòrò ajẹgi inú òkun sì ni ọ̀tá ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Torí kòkòrò yẹn ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi páànù bàbà bo ìsàlẹ̀ HMS Alarm ní 1761. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 1763, bàbà náà ti mú kí àwọn ìṣó irin tó kàn án jẹ tán. Irin méjì tí kì í ṣe irú kan náà, tí omi iyọ̀ so wọ́n pọ̀, èyí tó rẹlẹ̀ ni á máa jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ń lo ìṣó alábàbà. Títí dòní, mo ń rí bóòtì irin aláìdógùn-ún tí wọ́n ti bọ alumíníọ́ọ̀mù láìfi ohunkóhun sí àárín wọn. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ là wọ́n, ẹ sì pààrọ̀ síńkì ara ọkọ̀ (èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ kó lè jẹ dípò irin yòókù) nígbà tó bá ti jẹ dé ìdajì.

Fáíbà_àti_Résínì

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn fún fáíbà, ọ̀gá. Wọ́n máa ń sọ pé ọkọ̀ fáíbà ti àwọn ọdún 1960 nípọn, torí náà ó lágbára jù. Òótọ́ ni pé ó nípọn. Ṣùgbọ́n fáíbà gígé tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ́, gíláàsì inú rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ. Résínì ni ìyókù, résínì nìkan kò sì lágbára. Aṣọ gíláàsì híhun tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ lè dé nǹkan bí 50. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí résínì tó wọlé lè dé 60 sí 70. Tuntun lè tẹ́ẹ́rẹ́ kó sì lágbára jù, bí wọ́n bá ṣe é bó ti yẹ. Àǹfààní ti àtijọ́ ni pé bí ó bá fi ara gbá òkúta, nǹkan ṣì kù tó máa gbà á dúró.

Ìléròrò abẹ́ ọkọ̀, èyí tó pọ̀ lára ọkọ̀ àwọn ọdún 1970 àti 1980, résínì olówó pọ́ọ́kú ló fà á: omi ń gba ojú rẹ̀ wọlé, ó ń pò mọ́ kẹ́míkà tí kò jinná, ó ń wú. Vinylester, irú résínì kan tí omi kì í tètè wọ̀, tí wọ́n ń fi sí ìpele òde báyìí ti dín in kù gan-an.

Ibi tí ti òde òní ti ń kú ni ojú ihò bóòtì lórí dẹ́ẹ̀kì. Igi bálsà ló wà láàárín fáíbà méjì; omi kán sínú ihò kan, igi náà di ẹtù. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Bóòtì mílímítà 8: ẹ lu ihò mílímítà 16 sí 20 gba fáíbà òkè àti bálsà, ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ha bálsà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde díẹ̀, kó gbẹ pátápátá. Ẹ fi ẹ́pọ́síì ṣíṣàn (gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì tó ń le) ra á lára, kí ẹ fi èyí tí ẹ ti fi lẹ́búlẹ́bú sílíkà mú ki kún un. Tó bá le, ẹ wá lu ihò mílímítà 8 gba àárín ẹ́pọ́síì náà, kí ẹ fẹ́ ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí ohun ìdí-omi lè jókòó síbẹ̀. Láti ìgbà náà, kódà bí bóòtì bá jò, omi kò ní kan igi.

Wẹ́dà_Okun

Ọkọ̀ onírin náà ní ẹ̀kọ́. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n fi ìjórinpọ̀ rọ́pò rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó irin tí wọ́n ń lù tẹ̀ ní ẹnu méjèèjì) kí iṣẹ́ lè yá. Ní oṣù kìíní 1943, ọkọ̀ agbépo Schenectady fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí méjì ní etí omi ní Portland, Oregon, kété lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò lórí omi. Irin ìgbà náà máa ń rọrùn láti ṣẹ́ nínú òtútù, igun onígun mẹ́rin ló sì ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán lára irú ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Lára ọkọ̀ onírífẹ́ẹ̀tì, ibi tó sán máa ń dúró ní etí páànù. Lára èyí tí wọ́n jó pọ̀ di ọ̀kan, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Irin tó dára, igun rọ̀bọ̀tọ̀ àti àyẹ̀wò ojú ìjó ló yanjú rẹ̀.

OjúLóńWò

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo ń rí ni pé èlò òde òní kò burú. Àwọn àtijọ́ kò ní ìṣirò tó péye, wọ́n fi àlékún bò ó: ògiri nípọn, fáíbà nípọn. A ti gé àlékún yẹn kúrò. Bí oníṣẹ́ bá wá fi mílímítà 10 dín kọnkéré tó bo irin kù, kò sí ohun tó máa gbà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti mọ́tò?

Mẹkáníìkì_Àárọ̀

Apá kan ló rí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ní ti ìjàǹbá, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 2009, àjọ IIHS ní Amẹ́ríkà, tó ń dán ààbò mọ́tò wò, fi Chevrolet Bel Air ti 1959 kọlu Chevrolet Malibu ti 2009, 64 km/h. Ibi tí awakọ̀ jókòó sí nínú Bel Air run mọ́ra. Ti Malibu dúró. Ẹsẹ̀ nìkan ni ère tí wọ́n fi ṣe awakọ̀ inú rẹ̀ ti fara pa díẹ̀. Mọ́tò tí iwájú rẹ̀ ń rún, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí agbára ìkọlù lè tán síbẹ̀. Béla Barényi ti Mercedes ló gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950.

Ẹ̀yin panẹ-bítà, ẹ gbọ́ eléyìí: òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tuntun, irin tí wọ́n tẹ̀ nínú iná ni, agbára rẹ̀ tó 1,500 MPa (ìwọ̀n agbára tí irin lè gbà kó tó já), nígbà tí irin bọ́dì lásán wà ní nǹkan bí 300. Ẹ kò gbọdọ̀ fi iná nà án, torí iná yóò sọ ọ́ di rírọ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ibi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá sọ ni kí ẹ ti gé e, kí ẹ fi tuntun sí i.

Ìpáàrà náà: síńkì àti ọ̀dà tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ bọ́dì ti mú kí tuntun borí àtijọ́ pátápátá. Iṣẹ́ àbójútó ti dín kù pẹ̀lú. Kọ́ńtáàtì àtijọ́ (èyí tó ń tan iná púlọ́ọ̀gì), mílímítà 0.4 ni àlàfo rẹ̀, ẹ ó sì máa tún un ṣe ní gbogbo 10,000 kìlómítà. Púlọ́ọ̀gì irídíọ́ọ̀mù lè dé 100,000.

Rédíétọ̀_Bàbà

Ẹ jẹ́ kí n takò yín níbì kan, ẹ̀gbọ́n. Rédíétọ̀ bàbà, tó bá jò, a lè jó o pa. Ti ìsinsìnyí, alumíníọ́ọ̀mù ni àárín rẹ̀, orí rẹ̀ jẹ́ pílásítíìkì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Pílásítíìkì yẹn àti ti ilé tẹ́mósítáàtì, ooru ló ń gbẹ wọ́n títí wọ́n á fi sán. Omi á dà tán, sẹ́ńsọ̀ kò ní sí nínú omi mọ́ débi tí yóò fi ka ooru tó péye, orí ẹ́ńjìnnì á ti wọ́ kí awakọ̀ tó mọ̀. Bẹ́líìtì táímìn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́ìlì náà ńkọ́? Tó bá gbó, èérún rẹ̀ á dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè, ẹ́ńjìnnì á gbẹ. Èyí kì í ṣe àṣìṣe oníṣẹ́, ẹni tó yàwòrán rẹ̀ ló yàn án.

Mẹkáníìkì_Àárọ̀

Mo gbà fún yín níbẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé: omi rédíétọ̀ tó tọ́, ìdajì sí ìdajì pẹ̀lú omi tí kò ní èròjà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún márùn-ún, omi lásán ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù. Ìgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ pọ́ǹpù omi, ẹ pààrọ̀ gbogbo pílásítíìkì ìsopọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì oníbẹ́líìtì inú ọ́ìlì, irú ọ́ìlì tí ìwé rẹ̀ kọ gan-an ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ìdajì iye kìlómítà tí wọ́n sọ. Gíà tí wọ́n ní ọ́ìlì rẹ̀ kì í bàjẹ́ láéláé, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà láàárín 60,000 sí 80,000 kìlómítà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Iṣẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Ìbéèrè kan ló kù, fún ọ̀gá Fáíbà: bí ènìyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀ fáíbà tó ti pẹ́, kí ni kó kọ́kọ́ wò?

Fáíbà_àti_Résínì

Kí wọ́n gbé e jáde kúrò lómi ná. Mú òòlù pílásítíìkì kékeré, máa fi kan dẹ́ẹ̀kì ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, pàápàá yí gbogbo bóòtì ká. Ohùn tó dún gbọnrangandan dára. Ibi tó bá dún bòòbò, bálsà ti lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo ìdí kíìlì, ìyẹn apá wíwúwo tó rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Bí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ bá sán níwájú, ó ti gbá nǹkan rí. Wọlé, ṣí pákó ilẹ̀, fi iná tọ́ọ̀ṣì wo bóyá àwọn egungun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti ń ṣí. Kíìlì ọkọ̀ Cheeki Rafiki já ní Àtìláńtíìkì ní 2014, àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sì kú, àwọn tó wádìí rẹ̀ sì tọ́ka sí irú ìlẹ̀mọ́ yìí tó ti ń ṣí. Tí ẹni tó ń tà á bá ti fi ọ̀dà tuntun kun inú ìdí ọkọ̀ níbẹ̀ nìkan, ní kó jẹ́ kí o yọ nọ́ọ̀tì bóòtì kíìlì kan wò. Bóòtì aláìdógùn-ún máa ń jẹ ní ọrùn, níbi tí omi ti dúró tí afẹ́fẹ́ kò dé, orí rẹ̀ á sì máa dán.